Corolla ń hó lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ thermostat: apá ibo ló yẹ kí sípíríìnì rẹ̀ kọjú sí?

Ará_Mọ́wé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá, torí ọkọ̀ yìí ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Toyota Corolla 2005 ni, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni géèjì ooru rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Kara. Mẹkáníìkì ní thermostat (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí omi ẹ́ńjìnnì lè gba ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ bó bá ti gbóná) ló ti gan, ó ra tuntun wá, ó sì fi í sí i. Àtìgbà náà ló ti burú sí i. Bí mo bá tan ọkọ̀ tí mo jẹ́ kó dúró lójú kan, kì í pẹ́ rárá tí ọwọ́ géèjì á fi kọjá ìdajì, tí omi inú ike tó ń gba àkúnya omi rédíétọ̀ á sì máa hó. Fáànù ń ṣiṣẹ́. Omi ò jò sílẹ̀. Họ́ọ̀sì òkè gbóná débi pé n kò lè fọwọ́ dì í mú, ṣùgbọ́n họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tutù nini.

Mo pe mẹkáníìkì náà padà, ó ní kí n jẹ́ kí òun yọ thermostat náà dànù. Ẹnì kejì tí mo fi hàn ní wọ́n fi í sí òdì ni, pé inú ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí sípíríìnì wà. Ẹnì kẹta ní rárá o, pé rédíétọ̀ gan-an ló yẹ kí sípíríìnì máa wò. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú, ẹ bá mi sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, kí n lè mọ ohun tí mo máa bi wọ́n.

Ọmọ_Agége

Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ nǹkan yẹn kúrò kí ẹ lè sùn. Òjò dídì kì í rọ̀ ní Nàìjíríà. Òtútù ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ tèmi ò ti ní thermostat, mo ń gbé e lọ Ìlọrin, mo ń gbé e bọ̀, kò gbóná rí.

Mẹkáníìkì_Àpẹ̀tẹ̀

Ará Mọ́wé, ẹ kọ́kọ́ pa ọkọ̀ náà, ẹ má gbé e lọ ibì kankan títí wọ́n á fi tú u. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ dànù.

Bí ẹ bá gbé thermostat sọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ojú méjì ló ní. Ojú kan tẹ́ pẹrẹsẹ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ojú kejì ni sípíríìnì wà, ife bàbà kékeré kan sì wà láàárín sípíríìnì náà. Ìda ni wọ́n rọ sínú ife yẹn, wọ́n sì dé e pa. Ìda yìí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Tí omi tó yí ife ká bá ti gbóná tó, ìda á yọ́, á wú, á ti ọ̀pá kékeré inú rẹ̀ jáde, ìlẹ̀kùn á sì ṣí. Tí omi bá tutù, ìda á sún kì, sípíríìnì á ti ìlẹ̀kùn padà sípò.

Ó wá hàn gbangba pé ibi tí omi gbígbóná wà ni ife bàbà gbọ́dọ̀ wà. Inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Sípíríìnì àti ife ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, ojú pẹrẹsẹ ń wo họ́ọ̀sì. Fún ẹ́ńjìnnì tiyín, 82 ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí i lára. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80°C sí 84°C, tí omi bá sì fi máa dé 95°C, ó yẹ kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí tó mílímítà 10 ó kéré tán.

Tí wọ́n bá wá fi í sí òdì, inú omi tútù tó ti ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ wá ni ife á wà. Ẹ́ńjìnnì á máa jó níhìn-ín, ife ò ní mọ nǹkan kan. Ìlẹ̀kùn ò ní ṣí. Ohun tí ẹ ń rí gan-an nìyẹn.

Ẹni tó ní rédíétọ̀ ni sípíríìnì ń wò, ẹ ní kó fi ọkọ̀ kan ṣoṣo hàn yín tó rí bẹ́ẹ̀.

Òròkí_Òṣogbo

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò bára mu. Nínú ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò tẹ́lẹ̀, tí mo máa ń bá a tún ṣe, òkè ni thermostat wà, níbi tí omi gbígbóná ti ń jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá ṣí, họ́ọ̀sì òkè ló máa ń tutù. Ará Mọ́wé sì sọ pé òkè ló gbóná. Ṣé ìyẹn ò fi hàn pé omi ń kọjá? Lójú tèmi, wọ́tà pọ́ǹpù ni kí wọ́n yẹ̀ wò, tàbí kí rédíétọ̀ ti dí.

Olùkọ́_Ọkọ̀

Òròkí, ohun tó o sọ rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí thermostat rẹ̀ wà lókè. 1ZZ-FE ò sí lára wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí àríyànjiyàn yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, kódà láàárín àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ dì mọ́ họ́ọ̀sì tó wọ ilé thermostat, kí ẹ sì tọ̀ ọ́ lọ síbi tó ti wá. Tó bá lọ já sí orí rédíétọ̀, ẹnu ọ̀nà àbájáde ni thermostat ọkọ̀ yẹn dúró sí. Tó bá lọ já sí ìdí rédíétọ̀, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni. Corolla yìí, ìdí rédíétọ̀ ni họ́ọ̀sì rẹ̀ já sí. Ẹ̀yìn alternator (ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì), nítòsí wọ́tà pọ́ǹpù, ni wọ́n fi thermostat rẹ̀ sí. Lápá òkè, kò sí ìlẹ̀kùn kankan. Omi gbígbóná lè rìn dé họ́ọ̀sì òkè, kó tiẹ̀ dé orí rédíétọ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà yípo, nítorí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ wà ní títì. Òkè á gbóná, ìsàlẹ̀ á tutù. Nínú ọkọ̀ tó o mọ̀, òkè ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, òkè ló sì máa tutù. Àìsàn kan náà ni, àmì rẹ̀ ló yàtọ̀.

Wàá wá bi mí pé: bó bá jẹ́ ibi tí omi tútù ń gbà wọlé ló dúró sí, báwo ni ife bàbà ṣe ń mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná? Ọ̀nà àbùjá kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó ń gbé omi gbígbóná wá sí ẹ̀yìn thermostat láì gba ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ kọjá. Omi yẹn ló ń wẹ ife bàbà. Ìdí nìyẹn tí òfin fi jẹ́ ọ̀kan náà, ì báà jẹ́ òkè, ì báà jẹ́ ìsàlẹ̀: sípíríìnì sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó kọ́ ọ lórí ọkọ̀ olókè, tó wá ń rò ó pé ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà torí pé omi ń gba òdì kejì wọlé, òun ló ń sọ pé rédíétọ̀ ni sípíríìnì ń wò. Ọ̀nà tí omi ń gbà kọ́ ló ń darí rẹ̀, ibi tí omi gbígbóná ń dé ni.

Rédíétọ̀ tó dí náà lè mú kí òkè gbóná kí ìsàlẹ̀ tutù, n kò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ thermostat ni nǹkan burú sí i. Ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tú.

Òròkí_Òṣogbo

Ó yé mi wàyí, ẹ ṣé, ọ̀gá. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti tú u dé ibẹ̀, kí wọ́n fi ojú wo wọ́tà pọ́ǹpù náà. Tí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ bá ti jẹ tán, thermostat tó dára jù lọ láyé ò ní lè gbé omi yípo.

Ọmọ_Agége

Gbogbo àlàyé yìí dára. Ọkọ̀ mi ṣì ń rìn láìní in. Ìwọ̀nba géèjì ló ń dé, kì í tiẹ̀ dé ìdajì.

Rewire_Ìkòròdú

Ọmọ Agége, pé géèjì rẹ kì í dé ìdajì, ẹ̀sùn gan-an nìyẹn.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá nígbà tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo á so ẹ̀rọ mọ́ ọn, nọ́ńbà àṣìṣe P0128 ló máa ń gbé jáde. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé omi ẹ́ńjìnnì ò gbóná dé ibi tó yẹ kí thermostat gbé e dé. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń wo omi yẹn kó tó mọ iye epo tó máa fún ẹ́ńjìnnì. Tí omi bá tutù, ó gbà pé òwúrọ̀ ni, pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta lítà epo lóde òní, owó ẹni ló ń jó lọ yẹn. Epo tí kò jó tán á máa ṣàn bá ọ́ìlì, omi tó yẹ kó gbẹ kúrò nínú ọ́ìlì ò ní gbẹ, ara ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ.

Ìkejì, ọ̀nà àbùjá tí Olùkọ́ sọ. Àwọn thermostat kan ní àwo kékeré kejì nídìí sípíríìnì. Iṣẹ́ àwo yẹn ni láti ti ọ̀nà àbùjá pa nígbà tí ìlẹ̀kùn ńlá bá ṣí, kí gbogbo omi lè gba ọ̀dọ̀ rédíétọ̀. Tí o bá yọ irú thermostat bẹ́ẹ̀, àbùjá á wà ní ṣíṣí títí ayé. Ìpín kan nínú omi gbígbóná á kàn máa yípo nínú ẹ́ńjìnnì láì fojú kan rédíétọ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò ní hàn. Jẹ́ kí ọkọ̀ náà bọ́ sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Berger lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú AC, wàá rí i. Ọ̀pọ̀ tó yọ thermostat kí ọkọ̀ má bàa gbóná, òun ló mú kó gbóná.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa wá gbé e wá sọ́dọ̀ wa pé ká so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà, kó máa yí látìgbà tí wọ́n bá ti tan ọkọ̀. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ dá thermostat padà kí n tó fọwọ́ kan wáyà.

Ìyá_Ìbejì_Gate

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ni mò ń tà ní Àrárọ̀mí, ní Gate, n'Ìbàdàn níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹni tó ń tà á.

Ẹ má ra thermostat tokunbo. Pọ́ńpù tokunbo ẹ lè rà, alternator tokunbo ẹ lè rà, ṣùgbọ́n ìda inú ife yẹn ní iye ìgbà tó lè wú kó sún kì, ẹ ò sì mọ iye tó ti lò lókè òkun. Èyí tí ẹ bá máa rà, ẹ mú ti tẹ́lẹ̀ dání wá. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, bóyá 82 ni tàbí 88. Ẹ gbé méjèèjì lé ara wọn, kí fífẹ̀ etí rẹ̀ dọ́gba, kí gígùn sípíríìnì dọ́gba, kí èyí tó ní àwo kékeré nídìí má di èyí tí kò ní in. Ẹ bèèrè rọ́bà rẹ̀ pẹ̀lú. Rọ́bà róbótó tó ní ojú ihò yípo ni, etí thermostat ló máa ń wọ inú rẹ̀. Àwọn kan máa ń ta thermostat láìfi rọ́bà sí i, mẹkáníìkì á wá lo ti àtijọ́ tó ti le gbagidi.

Kí wọ́n tó fi í sí ọkọ̀, tuntun ni o, àtijọ́ ni o, ẹ dán an wò nílé. Ìkòkò omi kan àti sítóòfù ti tó. Ẹ fi ọwọ́ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀ kí òwú kan lè wọ àárín, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ìlẹ̀kùn di òwú náà mú. Ẹ fi òwú yẹn gbé e kọ́ sínú omi, kó má kan ìdí ìkòkò, torí ìdí ìkòkò gbóná ju omi lọ. Bí omi ṣe ń gbóná bọ̀, ẹ máa wò ó. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí omi hó, òwú á jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, thermostat á já sínú omi. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló ṣí. Bí ẹ bá ní tẹmọ́mítà, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Bí omi bá hó tán tí òwú ò jábọ́, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e síta kó tutù, kí ẹ rí i pé ó padé dáadáa. Èyí tó ń ṣí tí kò padé náà ti bàjẹ́.

Oníbàárà tó bá fẹ́ dán an wò ní ìsọ̀ mi, mo ní sítóòfù níbẹ̀.

Ará_Peckham

Mà, ẹ ṣé gan-an fún ti òwú yẹn.

Lọ́dọ̀ wa ní London níbí, bí thermostat bá gan sí ṣíṣí, ara ni ó ti ń kọ́kọ́ hàn: atẹ́gùn gbígbóná inú ọkọ̀ á tutù ní oṣù kìíní, gíláàsì iwájú á máa kún fún ìrì. Nàìjíríà ò ní í mọ èyí, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé kò wúlò.

Ohun kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Ihò kékeré kan wà létí thermostat Toyota, irin bíńtín kan sì ń mì nínú rẹ̀. Òkè ni kí ihò yẹn wà, níbi tí ọwọ́ aago ti ń tọ́ka méjìlá. Ẹni tó kọjú sípíríìnì síbi tó yẹ ṣùgbọ́n tó fi ihò yẹn sí ìsàlẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí.

Tẹkiníṣíànì_Sàngó

Ìsàlẹ̀ la máa ń fi í sí o, kí omi lè máa sun gba ibẹ̀ kí ìlẹ̀kùn tó ṣí.

Olùkọ́_Ọkọ̀

Rárá, Sàngó, òkè ni. Atẹ́gùn ni wọ́n dá ihò yẹn sí fún. Nígbà tí a bá ń rọ omi, atẹ́gùn tó há sẹ́yìn thermostat á gba ihò yẹn sá lọ sókè, nítorí atẹ́gùn fúyẹ́ ju omi lọ. Nígbà tí pọ́ńpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi, irin bíńtín yẹn á dí ihò náà. Tó bá wà nísàlẹ̀, atẹ́gùn á jókòó sí òkè, yóò yí ife bàbà ká, ife á wá máa wọn ooru atẹ́gùn dípò ooru omi. Ìlẹ̀kùn á pẹ́ kó tó ṣí, géèjì á gòkè, á tún já wálẹ̀. Ìwé àtúnṣe Toyota fúnra rẹ̀ ló ní òkè. Kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju dígírí 10 lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọkọ̀ míì lè ní ìlànà tirẹ̀, ìwé ọkọ̀ yẹn ni kí a tẹ̀lé.

Mẹkáníìkì_Àpẹ̀tẹ̀

Mo fara mọ́ ọn. Kí n fi ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù kún un. Rọ́bà nìkan ló yẹ létí thermostat yìí. Àwọn tó ń ro gọ́ọ̀mù mọ́ ọn, èyí tó bá fún wọnú á já, á máa rìn nínú omi, á lọ dí ojú ihò rédíétọ̀. Ojú irin méjèèjì ni kí ẹ fi aṣọ nù mọ́. Bí irin náà bá ti jẹ, pààrọ̀ ilé rẹ̀. Nọ́ọ̀tì méjì ló di ilé yẹn mú, kékeré ni wọ́n, sípánà 10 ló ń tú wọn. Lórí ẹ́ńjìnnì yìí, sísọ alternator kalẹ̀ ló máa jẹ́ kí ọwọ́ dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ní òun ò ní sọ ọ́, tó ń fi ọwọ́ kan ṣe é láìrí ibẹ̀, òun ló máa ń fi sípíríìnì sí òdì tàbí kó fún rọ́bà pọ̀. Kí wọ́n yọ orí bátìrì kí wọ́n tó fọwọ́ kan alternator o.

Ará_Mọ́wé

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo dúró ti mẹkáníìkì míì, a tú u láàárọ̀ yìí. Bí a ṣe fa họ́ọ̀sì àti ilé rẹ̀ kúrò, sípíríìnì ló kọ́kọ́ yọjú sí wa. Ó ń wo ìta, ife bàbà wà nínú ẹnu họ́ọ̀sì. Rọ́bà rẹ̀ ti ká sí ẹ̀gbẹ́ kan. A fi òwú dán an wò bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ, ó ṣí, ó sì padé nígbà tó tutù, nítorí náà òun náà la dá padà, pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Sípíríìnì ti wà nínú ẹ́ńjìnnì, ihò wà lókè. Wọ́n yí abẹ̀bẹ̀ wọ́tà pọ́ǹpù wò, kò jẹ.

Ó ku kí a rọ omi. Ṣé omi borehole ni kí n rọ, àbí kúláǹtì? Báwo la ṣe ń lé atẹ́gùn jáde?

Mẹkáníìkì_Àpẹ̀tẹ̀

Kúláǹtì ni. Omi borehole ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, èérí funfun tó ń le mọ́ ìdí kẹ́tù, irú rẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀. Omi lásán sì ń mú kí irin dógùn-ún. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti pò tán, ẹ rọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe àpòtán, ẹ fi omi tí wọ́n ti sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń rọ sí bátìrì (kì í ṣe ásíìdì o), pò ó ní ìdajì sí ìdajì. Ẹ má da àwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀.

Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ibi gíga díẹ̀ bá wà, ẹ jẹ́ kí iwájú ọkọ̀ gun ún, kí ẹnu rédíétọ̀ lè jẹ́ ibi tó ga jù. Ẹ rọ kúláǹtì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ fún họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀ léraléra. Ẹ ó rí i tí atẹ́gùn á máa hó jáde tí omi á sì máa lọ sílẹ̀. Ẹ máa fi kún un. Ẹ yí bọ́tìnnì atẹ́gùn gbígbóná inú ọkọ̀ dé ìparí, ẹ pa AC, kí ẹ wá tan ọkọ̀ pẹ̀lú ìdérí rédíétọ̀ ní ṣíṣí. Kí ẹnì kan jókòó síwájú kó máa wo géèjì, kó má wo ibòmíì.

Ọwọ́ yín ni kó wà lára họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ á tutù. Lójijì ni ẹ ó gbọ́ tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ọwọ́ yín, omi ẹnu rédíétọ̀ á sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Thermostat ti ṣí nìyẹn. Ẹ rọ kún un, ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí fáànù á fi tàn tí á sì kú fúnra rẹ̀. Bí géèjì bá fẹ́ kọjá ìdajì, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣí ìdérí yẹn mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ìdérí ló ń di agbára mú nínú rédíétọ̀, agbára yẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó ní 100°C. Ẹni tó bá ṣí i nígbà tó gbóná, omi á di ooru lọ́gán, á sì fọ́n sí i lójú àti láyà. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹlẹ̀ sí. Aṣọ tí wọ́n ń fi dì í mú ò gba èèyàn.

Ará_Mọ́wé

Ó ti parí, ọkọ̀ ti padà sípò. Ọwọ́ géèjì dúró gbọn-in nítòsí ìdajì, fáànù ń tàn, ó ń kú, họ́ọ̀sì méjèèjì gbóná. Mo gbé e lọ Ìbàfò, mo gbé e bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé omi inú ike lọ sílẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ọmọ_Agége

Ẹ rọ kún un kí ẹ máa lọ.

Olùkọ́_Ọkọ̀

Kó rọ kún un, bẹ́ẹ̀ ni, atẹ́gùn tó kù nínú rẹ̀ lè mú kó lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọkọ̀ yìí ti hó léraléra kí wọ́n tó tú u, alúmínì sì ni orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Alúmínì tó bá gbóná kọjá ààlà lè ká, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) á sì jẹ. Ará Mọ́wé, fi mákà sàmì sí ara ike níbi tí omi dé láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí o sì máa wò ó láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ń lọ sílẹ̀ láìdúró tí o kò sì rí ibi tó ń jò, fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kí o wò ó bóyá ọ́ìlì ti funfun bíi mílíìkì. Wo ẹnu sàléńsà bóyá èéfín funfun ń jáde tí kì í lọ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Wo inú ike bóyá atẹ́gùn ń hó níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ìdánwò kan wà tí àwọn mẹkáníìkì tó ní irinṣẹ́ ń ṣe: wọ́n á gbé omi aláwọ̀ búlúù kan sí ẹnu rédíétọ̀, tí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ń jò sínú omi, búlúù á di yẹ́lò. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó orí ẹ́ńjìnnì.

Golf_Abẹ́òkúta

Ẹ kú àlàyé o. Ẹ jọ̀ọ́, Golf 3 ni tèmi, èmi náà fẹ́ pààrọ̀ thermostat. Ṣé bákan náà ni?

Mẹkáníìkì_Àpẹ̀tẹ̀

Sípíríìnì sínú ẹ́ńjìnnì, bákan náà. Ti Golf 3 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8 tàbí 2.0, abẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù ló wà, ẹnu rẹ̀ ń wo ilẹ̀, nítorí náà sípíríìnì máa lọ sókè sínú pọ́ńpù. Thermostat ló ń kọ́kọ́ wọlé, rọ́bà tẹ̀lé e, ike tó di họ́ọ̀sì mú ló kẹ́yìn. Bóòtì méjì tó dè é máa ń dógùn-ún mọ́ ibẹ̀, wọ́n á já bí èèyàn bá fi agbára tú wọn. Ẹ fi epo tí ń tú ìdógùn-ún wọ́n wọn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá ń dì í padà, ẹ máa yí bóòtì méjèèjì ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, torí ike ni, ó máa ń sán. Kí ẹ sì ra ike náà ní tuntun mọ́ ọn.